Ọkọ̀ Bàbá Kì Í Sítáàtì ní Ìlàjẹ

Ní Ṣómólú, kí Bàbá tó yí kọ́kọ́rọ́ tán ni ọkọ̀ wọn ti máa dáhùn. Ìlàjẹ nìkan ni etí rẹ̀ ti máa ń di.

Bàbá tí mò ń wí ni bàbá tó bí ìyá mi. Adéjìmí lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Atẹ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, torí ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n fi to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà òjé yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé nínú ilé. Ọkọ̀ wọn jẹ́ Fọ́kísíwájìn ìjàpá, aláwọ̀ ewé, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn tí ẹrù ń wọ iwájú. Nígbà tí wọ́n rà á, ìyá mi ṣì ń wọ yúnifọ́ọ̀mù ilé ìwé.

Gbogbo Sátidé ni Bàbá máa ń ní ká lọ ra ẹja ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà. Ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni mò ń sọ yìí. Bí a bá dé oríta tí àwọn sójà máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìmọ́tótó, Bàbá á rọra, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Táyọ̀, wò ó, kò sẹ́ni tó máa ní kí bàbá ẹ fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lónìí." Inú wọn á máa dùn títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rẹ̀mí.

Ìyá Rẹ̀mí ló ń yan ẹja tí à ń rà. Opó ni wọ́n, wọ́n á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì lẹ́nu bí abẹ. Ìyá àgbà tèmi náà ti kú láti ọdún mẹ́fà, Bàbá kò sì fẹ́ ẹlòmíì. A ó ra ẹja tán, a ó wọ ọkọ̀, Bàbá á yí kọ́kọ́rọ́. Tò. Ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka ta agolo. Wọ́n á tún un yí. Tò. Bàbá á mí kanlẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á padà sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Àìsàn ọmọ yín tún ti dé nìyẹn," Ìyá Rẹ̀mí á wí, wọn ò tilẹ̀ ní wẹ̀yìn.

"Ìyá Rẹ̀mí, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọkọ̀ ni, kì í ṣe èèyàn."

"Ọkọ̀ tó mọ Sátidé yàtọ̀ sí Fúráìdé! Ẹ sún síhìn-ín jàre, èéfín ń fẹ́ lù yín."

Ibẹ̀ ni wọn á jókòó sí fún wákàtí méjì. Wọ́n á sọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù tó wọ́n, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò fún, wọ́n á sọ̀rọ̀ orúnkún. Bàbá á ka ìwé ìròyìn sókè, Ìyá Rẹ̀mí á máa bá ìwé ìròyìn náà jà. Bó bá yá, ọkọ̀ á gbà, a ó sì lọ sílé.

Nígbà tí àìsàn yìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá gbé e fún Kamaldeen. Kamaldeen ni ríwáyà tó ń bá wa tún iná ọkọ̀ ṣe, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ojú títì Bàrígà. Ọdún mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti dojú kọ ọkọ̀, ojú rẹ̀ á dà bí ojú àgbàlagbà. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, torí abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì ìjàpá ń gbé, ó da omi gbígbóná sí orí bátìrì títí funfun tó bò ó fi ṣàn dànù. Ọkọ̀ sítáàtì. Sátidé dé, ó kọ̀ ní Ìlàjẹ. Kamaldeen pààrọ̀ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Ó sítáàtì, ó tún kọ̀ ní Ìlàjẹ. Ó tú sítátà gan-an sílẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dè é padà.

"Bàbá," ló wí, ó ń nu ọwọ́, "ẹ má bínú o. Ọkọ̀ yín ò ní nǹkan kan. Àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀ ní Ìlàjẹ."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, wọn ò pè é mọ́.

Èyí ló kọ́kọ́ fu mí lára. Ohun kejì ni ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin Ìlàjẹ. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ tó kọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á fi sáré wá: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tì í!" Bàbá á na ọwọ́ sókè bíi yẹ́lò fífà tó ń dá ọkọ̀ dúró ní oríta: "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ fẹ́ ba gíà mi jẹ́?" Bẹ́ẹ̀, ní Ṣómólú, ọkọ̀ yìí kan náà, mo ti tì í láìmọye ìgbà kí àìsàn yìí tó dé, Bàbá á sì máa kígbe látinú ẹ̀ pé, "Gbé e! Gbé e! Ọmọ Adéjìmí!"

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, bí a ṣe ń bọ̀ láti Ìlàjẹ, Bàbá wakọ̀ títí a fi kọjá Bàrígà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní:

"Táyọ̀, nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá àgbà ẹ, mi ò lọ bá a fúnra mi. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò ìyá mi ló ṣe alárenà. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun ló ń gbé e bọ̀, títí ojú fi mọ ojú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Gbogbo ẹni tó lè ṣe é fún mi báyìí ti kú. Èmi ni àgbà ilé wa. Ta ni mo fẹ́ rán?"

Èmi kọ́ ni wọ́n lè rán. Bí mo bá fẹ́ kí èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu mi á gbẹ.

"Mo fẹ́ kí Ìyá Rẹ̀mí wá máa bá mi gbé," Bàbá wí. Ojú títì ni wọ́n ń wò. "Sátidé mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ, tí mo gbé e bọ̀. Bí mo bá ti ra ẹja tán, mi ò ní nǹkan tí mò ń ṣe níbẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn á máa wò mí. Ọkọ̀ yìí ló ń gbà mí. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bàjẹ́ pé kí ló jókòó dè."

Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe pé Bàbá ń díbọ́n. Ọkọ̀ ń kọ̀ lóòótọ́. Wọn ò kàn fẹ́ kó yé kọ̀ kí wọ́n tó lè la ẹnu sọ ọ́ ni.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá lọ kí ẹnì kan létí omi. Ìyá Rẹ̀mí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ wọn ń rùn fún ẹja ọ̀bọ̀kún.

"Ta ni ríwáyà bàbá ẹ?"

Mo wo ọ̀nà etí omi tí Bàbá gbà.

"Ọmọ yìí, èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ o. Ta ni, níbo ló wà?"

Àgbà ló bi mí léèrè. A ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún àgbà lójúkojú. Mo júwe ìsọ̀ Kamaldeen, mo tilẹ̀ júwe igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún Bàbá. 

Nígbà tí a tún dé Ìlàjẹ, ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì Bàbá? Kamaldeen ni. Ó ti mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wá, ó ń jẹ èpìyà gbígbóná.

Bàbá dúró sójú kan. "Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ìyá Rẹ̀mí ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní ìsọ̀ mi ni mo ti ń tọ́jú aláìsàn tó jẹ́ pé ọjà ló ti ń ṣubú."

"Àbí mo purọ́?" Ìyá Rẹ̀mí wí. "Ọkọ̀ tó bá sinmi di àárọ̀ ló ń yẹ̀ wò. Kó wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ara ẹ̀ gbóná."

Bàbá wò mí. Mo wolẹ̀. Wọ́n ti mọ ẹni tó júwe ìsọ̀.

Kamaldeen ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ó yí kọ́kọ́rọ́: tò. Ó tan iná iwájú, ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó tún yí kọ́kọ́rọ́, iná náà ò dín kù. "Bátìrì kọ́," ló wí. Ó ní kí Bàbá rí i pé gíà wà ní fíríì, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ láti ọwọ́ ẹ̀yìn, ó sì fi sikirudíráfà kan so irin méjì pọ̀ lára sítátà. Iná ṣá, ẹ́ńjìnnì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin pàtẹ́wọ́.

"Ṣé ẹ rí i?" Kamaldeen ń kígbe lábẹ́ ọkọ̀. "Sítátà ò bàjẹ́! Wáyà tó ń gbé àṣẹ wá látọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló ti gbó. Ó gùn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Bí ibí bá tutù, agbára díẹ̀ tó gbé dé á tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yan sítátà bí ẹja Ìyá Rẹ̀mí, kò ní tó mọ́."

"Kí la fẹ́ ṣe sí i?" Ìyá Rẹ̀mí bi í.

"Rílè ni. Kọ́kọ́rọ́ á kàn máa sọ fún rílè, rílè á lọ gba agbára tààrà lọ́dọ̀ bátìrì."

Bàbá ní kò sí ìkánjú, kó jẹ́ ká fi í sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kamaldeen ní ó ti mú un dání. Bàbá ní oòrùn ń mú. Kamaldeen ní òun ti mọ oòrùn lára. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó ti dè é mọ́ ọn, ó ti yí wáyà ní téèpù, ó ti gba ẹja tí Ìyá Rẹ̀mí dì fún un, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

A wọ ọkọ̀. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. Kò tò rárá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbà, tòun ti bó ṣe gbóná.

Ìyá Rẹ̀mí ti kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń ko iná.

"Wọ́n ti tún un ṣe," Bàbá wí, ohùn wọn kéré, "kí n lè máa tètè lọ. Ọ̀rọ̀ ti yé mi."

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Èmi ni mo júwe ìsọ̀ ẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Wọ́n gbé ọwọ́ lé gíà, wọn ò fi í sí i.

Mi ò mọ bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn. Mo ṣáà rí i pé mo wà níwájú ààrò, lórí eékún mi méjèèjì, èéfín ń wọ̀ mí lójú. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti inú ọkọ̀: *Màmá, Bàbá ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ kan.* Mo la ẹnu. Ikọ́ ló jáde.

Ìyá Rẹ̀mí wò mí, wọ́n wo ọkọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn mi, wọ́n tún wò mí.

"Alárenà ni ọ́?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Irú alárenà wo ni kì í sọ̀rọ̀? Dìde. Lọ sọ fún ẹni tó rán ẹ pé mi ò gbọ́ ohùn ìránṣẹ́ ẹ̀. Kó máa bọ̀ fúnra ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rán mi, ṣùgbọ́n mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rí. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ́ńjìnnì dákẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n rìn lọ sí ìdí ààrò.

"Ìyá Rẹ̀mí, ọkọ̀ mi ò bàjẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n tún un ṣe."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tún un ṣe? Ṣé mo ti sú yín ni?"

"Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gba ọkọ̀ lálejò, Bàbá Atẹ̀wé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn wà nínú ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọ́ nígbà náà. Kò gùn, kò sì lówe nínú. Wọ́n ní ilé Ṣómólú dákẹ́ jù, pé àwọn fẹ́ kí Ìyá Rẹ̀mí wá máa bá àwọn gbé, pé bí ó bá jẹ́ pé èéfín àti ọ̀sà ni wọn ò lè fi sílẹ̀, àwọn á máa gbé wọn wá láràárọ̀.

Ìyá Rẹ̀mí ko iná pẹ́.

"Mọ́ńdè ni Rẹ̀mí máa ń wà nílé," wọ́n wí níkẹyìn. "Òun lọmọ mi ọkùnrin, òun lẹ máa bá sọ ọ́. Ẹ wá ní Mọ́ńdè. Ẹ má mú àlàyé ọkọ̀ kankan bọ̀ o."

"Mi ò ní mú un bọ̀."

"Ẹ jókòó nígbà náà. Kí lẹ dúró ṣe?"

Bàbá jókòó. Èmi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ara sí, mo ti ń rìn padà sínú ọkọ̀ nígbà tí Ìyá Rẹ̀mí pè mí.

"Níbo lò ń lọ? Wá yí ẹja wọ̀nyí lójú, kí wọ́n má jóná. Má dúró sí ọwọ́ òsì yẹn, ibẹ̀ ni èéfín ń fẹ́ sí. Ọ̀hún. O ṣeun."