A Kì Í Wọn Alààyè ní Ìdùbúlẹ̀

Àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí ó ṣe rí gan-an, ẹ má sì bi mí pé kí ni mo jẹ kí n tó sùn. Ẹ̀bà ni mo jẹ, kò sì pọ̀.

Ẹ ṣáà mọ èmi Jóẹ́lì àti àbúrò mi, Náhúmù. Ṣọ́ọ̀bù kan náà tí bàbá wa ti kọ́ wa níṣẹ́ la ti ń ránṣọ títí dòní. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé Náhúmù bá àwọn Júù kan ṣiṣẹ́ pẹ́ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà níhà òkè. Nígbà tó padà dé, ọjọ́ Sátidé ló ń sinmi, kò sì bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run, kò ní ara, kò sì di ènìyàn rí. Èmi gbà pé Ó di ènìyàn, mo sì gbà á títí di ìsinsìnyí. A ti jiyàn náà títí ó fi sú àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Láàárọ̀ àná, Bàbá Ìjọ wá bá mi. Ó ní kí aṣọ àwọn akọrin tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa fún Ìkórè, mo gbọ́dọ̀ dìde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n kéde pé n kò ní àbúrò mọ́. "Kà á kún òkú." Ohun tó wí nìyẹn, ó sì ní òun ń padà bọ̀ wá gba èsì tí oòrùn bá rọlẹ̀. Mo ní màá rò ó. Mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí a ti ń géṣọ, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, tépù ìwọnṣọ mi ni. Ó nàró bí ejò, ó dé fìlà. Ó kí mi kú ìsinmi, ó ní wọ́n ń pè wá ní Ọ́fíìsì Ìwọ̀n, pé ẹnì kan fẹ́ dáṣọ níbẹ̀. Mo bi í pé ta ni.

Ó ní, "Ọlọ́run ni, ọ̀gá."

Mo ní kò burú. Mo ki àlùmọ́gàjí bọ àpò, a jáde. Ọ́fíìsì náà léfòó lókè àwọn igi ọ̀pẹ. Ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá wa ló gbé wa dé ibẹ̀. Bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ló ń gòkè, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń rán ọ̀nà sílẹ̀ níwájú wa. Kí n tó wọlé, mo kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi so ọ́fíìsì náà rọ̀, nítorí èmi ò lè rí nǹkan kí n má wo ìdí rẹ̀. Kò sí ìṣó, kò sí irin. Fọ́nrán òwú kan ni, irú èyí tí a fi ń gán bọ́tìnì, ó gba àárín òrùlé kọjá lọ sínú ìkùukùu. Wọ́n ta kókó rẹ̀ dáadáa. Mo yìn wọ́n nínú mi.

Nínú ọ́fíìsì, àwọn ọ̀gá jókòó, wọ́n de táì. Rábì arúgbó kan àti àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó fárí jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà nínú ìwé kan náà. Ọ̀gá àgbà na ọwọ́ sí àga òfìfo kan, ó ní kí n wọn oníbàárà. Tépù fà lọ, ó yí àga náà ká, ó padà wá. Ó ní, "Ọ̀gá, n kò rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀."

Rábì rẹ́rìn-ín. Ó ní tépù yẹn gbọ́n ju olówó rẹ̀ lọ. "Ẹni tí gbogbo ọ̀run kò gbà, èjìká rẹ̀ dà tí ẹ fẹ́ wọ̀n?"

Àlùfáà ní inú obìnrin kan gbà á. Ó ní ìyá rẹ̀ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa, òun ló ń fi aṣọ wé e. Ó tún rán Rábì létí àwọn àlejò tó jókòó sábẹ́ igi lọ́dọ̀ Ábúráhámù, tí wọ́n sì jẹun.

Rábì ní, "Ìránṣẹ́ ni wọ́n. Tí ìránṣẹ́ ọba bá jẹyán nílé rẹ, ṣé ọba ló yó?"

"Tí ọba bá wá bọ́ adé, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ńkọ́? Ta ló máa sọ fún un pé kò gbọdọ̀ wá?"

"Kò sí. Ṣùgbọ́n ọba yìí ti sọ fún wa pé òun kì í ṣe ènìyàn, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba mi ló kú nítorí wọn kò tẹríba fún ohunkóhun tó ní èjìká."

Àlùfáà bó ẹ̀pà, ó fi sí Rábì lọ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni irùngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lágbọ̀n àwọn ọ̀gá. Ìgbà tí ọ̀gá àgbà máa fi sọ̀rọ̀, ó ti di òbúkọ, táì sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Mo tún kí i, torí ipò kò kúrò lára rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù. Nígbà tí a kò rí Ọlọ́run wọ̀n, ẹni tó dá ìjà sílẹ̀ la máa wọ̀n. Ni tábìlì ìlọṣọ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, Náhúmù ló nà gbọọrọ lórí rẹ̀, ó lajú, ó ká ọwọ́ sáyà.

Òbúkọ ní, "Wọ̀n ọ́n bó ṣe wà yẹn."

Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn. Bàbá wa kì í wọn alààyè ní ìdùbúlẹ̀ láéláé. Bí oníbàárà bá ń ṣàìsàn, bàbá á ní kí wọ́n gbé e jókòó, kí wọ́n dì í lápá mú. Káfíńtà tó ń kan pósí nìkan ló ń wọn ènìyàn ní gbọọrọ.

Náhúmù ní kí n wọn òun, kí aṣọ àwọn akọrin má bàa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Panu mọ́. Ta ló ní kí o dùbúlẹ̀?"

Àlùfáà dìde. Ó ní ẹni tí òun ń sọ ti dùbúlẹ̀ rí, wọ́n sì gbé e sí ibojì. Kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ rẹ̀ tẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ bí òkú. Rábì náà dìde. Ó ní oorun kì í kun ẹni tí òun ń sọ, kò sí ẹni tó bá a ní ìdùbúlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó fi àwòrán ara rẹ̀ sára ọmọ yìí. Òbúkọ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ wọn ti wá dọ́gba.

"Kò dọ́gba," àwọn méjèèjì ló wí i. Ọ̀kan mú èjìká ọ̀tún Náhúmù, èkejì mú ti òsì, wọ́n gbé e nàró, iyàn sì ń lọ lórí rẹ̀.

Òbúkọ ní bí n kò bá wọ̀n ọ́n, n kò ní kúrò níbẹ̀. Mo gbójú sókè. Mo rí fọ́nrán òwú náà.

Àlùmọ́gàjí sọ̀rọ̀ nínú àpò mi. "Ọ̀gá, ṣé kí n gé e?"

Tépù ní, "Inú ibẹ̀ náà la wà o."

Mo ní, "Mo mọ̀. Gé e."

A já bọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ká lórí okùn. Àwọn ọ̀gá ń ké mèè. Rábì ń bi àlùfáà bóyá ẹ̀pà ṣì kù.

Ohùn kan ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde."

Mo lajú. Náhúmù ló dúró lókè orí mi, tépù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní aṣọ Ìkórè tèmi lòun fẹ́ gé, òun kò sì lè wọ̀n mí ní ìdùbúlẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan ń jẹ àkísà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ìjọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ obì, àgbọ̀n rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní èsì òun dà.

Mo dìde, mo na apá mi méjèèjì. Náhúmù fi tépù yí mi láyà.

Mo ní, "Bàbá Ìjọ, ìdúró ni àbúrò mi wà. Bí ẹ ti bá a nìyẹn, bí màá ṣe sọ ọ́ níwájú ìjọ nìyẹn."

Ó ní a jẹ́ pé aṣọ àwọn akọrin ń lọ síbòmíràn. Mo ní kó máa lọ ire.

Náhúmù kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá sé èémí mọ́ra, aṣọ á fún yín jù."

Mo mí.