Ajá Tó Ń Kó Wa Jọ

Ajá nínú ilé mùsùlùmí! Lọ́jọ́ tí Sakinah ọmọ mi mú Tapí wọlé wa ní àdúgbò Bonamoussadi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ figbe ta. Ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, òyìnbó tó ń padà sílùú wọn, ló fún un. Irun bo ajá náà lójú, ó bò ó lẹ́sẹ̀, o ò ní mọ ibi tí orí wà àfi tó bá gbó. Sakinah ní, "Màmá, ajá adàgùntàn ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa kó nǹkan jọ." Mo ní, "Ṣé àgùntàn ni wá?"

Kò pẹ́, Sakinah lọ sí Montréal lókè òkun. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Tapí ló fi sílẹ̀ fún mi.

Olóríkunkun gbáà! Bí oúnjẹ bá ti jinná, á lọ máa fi imú ti ọkọ mi lẹ́yìn ẹsẹ̀ títí á fi kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Á lọ da Husnah, àbúrò Sakinah, wá láti yàrá. Tó bá kó wa jọ tán, á yí wa po lẹ́ẹ̀kan, á wá sáré lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu géètì, á máa wòta. Tí itọ́ ẹ̀ bá kàn mí, ẹ̀sìn wa ní kí n fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, ìkan pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Mo bá pe Loïc, tó ń sin àgùntàn ní Bonabéri, pé kó wá mú un lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Nígbà tí Sọ́ńdè pé, mo sọ fún ọkọ mi, Alhaji Mùhúdíìnì, pé, "Ó yá kó máa lọ. Ajá tí ò mọ̀ pé ẹni tó lọ ti lọ! Ọdún mẹ́ta!"

Alhaji ń wo tábìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ sí. "Ìyá Sakinah, àwa mélòó la wà nílé?"

"Mẹ́ta. Kí ló dé?"

"Àwo mélòó lo bù?"

Mo ka àwo. Mẹ́rin ni. Mẹ́rin ni mò ń bù lójoojúmọ́, ẹran tó tóbi jù sì ń bẹ nínú ìkẹrin. Háà, àárò ọmọ mi ń sọ mí!

Loïc ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Mo jáde lọ bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má bínú, mi ò fún un mọ́. Ó kùn díẹ̀, ó lọ. Mo wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tapí lẹ́nu géètì, mo ń wo títì.

Tapí dìde. Ó fi imú tì mí lẹ́yìn ẹsẹ̀ pé kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tó wà nílé.

Mo ní, "Fi mí sílẹ̀ jàre. Ó ku ẹnì kan."