Ẹni Tí Wọ́n Rọra Lé Kúrò ní Ìrẹ̀lẹ̀

Morọ́láyọ̀ ń fi bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ ẹ̀rọ ìránṣọ han àwọn ọmọbìnrin mélòó kan nígbà tó gbọ́ ìró láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó kọ́kọ́ rò pé ewúrẹ́ ló ń forí kan páànù. Nígbà tí ìró náà tún dún, kò lágbára mọ́, ó dà bí ìgbà tí ọwọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ti rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ dúró dè é, ó sì jáde lọ wò ó.

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni. Ẹgbẹ́ kan ní Òkìtìpupa tí wọ́n ń pè ní Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀dọ́ ló ń kó àwọn ọmọ jọ, kí wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù tàbí kí wọ́n sáré ìje láàárọ̀, kí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́sàn-án. Àwọn tó ń kọ́ wọn kì í gbowó, ńṣe ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Morọ́láyọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lójú ọ̀nà Àyèká, wà lára wọn.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù àti àga tó ti ṣẹ́ sí. Kò ní fèrèsé, páànù lásán ni wọ́n sì fi bò ó lórí. Wọ́n ti fi agadagodo tì í. Bí Morọ́láyọ̀ ṣe sún mọ́ ọn ló gbọ́ ohùn ọmọdé nínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Kò wá kọ́kọ́rọ́ lọ síbì kankan. Ó gbé òkúta, ó sì lu agadagodo náà títí tó fi já. Sàídátù ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ Mọ̀rìdíyà tó ń ta púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin fún òógùn, ó ti bì sára, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó níbi tó ti ń fi gbá ilẹ̀kùn.

Morọ́láyọ̀ gbé e sábẹ́ igi, ó ń fi omi tutù nu ún lára, ó sì ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ojú ọmọ náà wálẹ̀ ló bi í pé ta ló tì í mọ́lé.

"Kóòṣì ni," ọmọ náà dáhùn. "Wọ́n ní mi ò sáré dáadáa."

Adédọ̀tun, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù àti eré ìje, ni wọ́n ń pè ní kóòṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sì mọ bí a ṣe ń pa àwọn òbí lẹ́rìn-ín. Morọ́láyọ̀ bá a níwájú gbọ̀ngàn níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà.

"Adédọ̀tun, ìwọ lo ti ọmọ mọ́ inú sítọ́ọ̀?"

"Ah, Sàídátù," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Ìyà kì í pa ọmọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn."

Morọ́láyọ̀ wò ó títí, ó ń retí kí ojú tì í. Ṣíbí ẹ̀wà rẹ̀ ló padà sí.

Ó lọ bá alága ẹgbẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Bàbá náà gbọ́ ọ dópin, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi, ohun tó ṣe ò dáa. Màá bá a wí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìyá ọmọ yìí gbọ́ ọ báyìí. Àwọn tó fẹ́ fi owó ràn wá lọ́wọ́ ń bọ̀ wá wò wá lọ́sẹ̀ yìí. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí a kọ́kọ́ rò."

"Sà, ibo ni Adédọ̀tun ti wá?"

"Ìrẹ̀lẹ̀. Ó ti bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀."

"Ta lẹ bi léèrè nípa rẹ̀?"

"Ta ni mo fẹ́ bi? Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ fún wa, ṣé kí n máa wádìí ẹ̀ bí ẹni ń wádìí olè ni?"

Morọ́láyọ̀ padà sábẹ́ igi níbi tó fi ọmọ náà sí. Ó gbé Sàídátù sórí ọ̀kadà, ó jókòó tì í lẹ́yìn, ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ló ti pe Mọ̀rìdíyà. Nígbà tí obìnrin náà dé, tó rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀, kò pariwo. Ó jókòó tì í, ó sì fi ìborí rẹ̀ nu ojú ọmọ náà.

"Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú un lọ fún wọn," ó ní. "Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin méjèèjì lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn ọlọ́pàá létí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀, nítorí ìbéèrè tí Ajíbóyè kọ̀ láti béèrè kò jẹ́ kí Morọ́láyọ̀ sùn. Wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Olúwaṣọlá, olùkọ́ kan tó ń darí ẹgbẹ́ tí Adédọ̀tun ti bá ṣiṣẹ́. Bí ọkùnrin náà ṣe gbọ́ orúkọ náà ló dojú kọ ilẹ̀.

"A ò fẹ́ ariwo," ó ní. "A bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ ni."

"Kí ló ṣe?" Morọ́láyọ̀ bi í.

"Ó gbá ọmọ kan létí. Etí ọ̀hún ò gbọ́ràn mọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ọ̀dọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́. A ò fẹ́ ba ọjọ́ iwájú ẹ̀ jẹ́."

Mọ̀rìdíyà gbójú sókè. "Ọjọ́ iwájú tiẹ̀ nìkan lẹ rí," ó ní. "Àwọn ọmọ ò ní ọjọ́ iwájú lójú yín."

Olúwaṣọlá júwe ilé ìyá ọmọ náà fún wọn. Susan lorúkọ obìnrin ọ̀hún. Ará etíkun ni, ẹja gbígbẹ ló ń tà. Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń yí etí kan ṣoṣo sí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí Susan gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkìtìpupa, ó gbé agbọ̀n ẹja ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n gbé àpò ìrẹsì wá fún mi," ó ní. "Wọ́n ní kí n forí jì í, pé ó ti kúrò nílùú. Mi ò mọ̀ pé àárín àwọn ọmọ mìíràn ni wọ́n lé e lọ."

Nígbà tí àwọn òbí pé jọ sí gbọ̀ngàn lópin ọ̀sẹ̀, Ajíbóyè gbàdúrà tó gùn, ó sì ní àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kóòṣì ti tọrọ àforíjì. Ó ní kí ìyá ọmọ gba sùúrù, nítorí ọmọ náà ti ń jẹun.

Susan, tó ti wọkọ̀ wá láti Ìrẹ̀lẹ̀, dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹnì kan bi í pé ọmọ rẹ̀ dà, kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

"Ọmọ mi kì í ṣe ìran," ó dáhùn. "Ilé ló wà. Èmi ni mo wá." Ó sì rò fún wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Ìrẹ̀lẹ̀, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀.

Bàbá kan tó ní ìbejì nínú ètò náà ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Alága, ṣé ẹ béèrè?"

Ajíbóyè ní ìwà rere Adédọ̀tun hàn lójú rẹ̀.

"Mi ò bi yín nípa ojú. Mo ní, ṣé ẹ béèrè?"

Morọ́láyọ̀ wá sọ ohun tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí. Ó ní àwọn ará Ìrẹ̀lẹ̀ dákẹ́ torí orúkọ, Òkìtìpupa náà sì fẹ́ dákẹ́ torí orúkọ, kí Adédọ̀tun lè tún di kóòṣì àwọn ọmọ Erinje tàbí ti Àyèká. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ tó sì dákẹ́, òun náà wà lára àwọn tó ti ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mú ọmọ wọn lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ọmọ kankan nínú gbọ̀ngàn mọ́.

Àwọn ọlọ́pàá mú Adédọ̀tun. Ìgbà náà ni ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ìlú, àwọn ẹlẹ́sìn, títí kan ẹ̀gbọ́n bàbá Mọ̀rìdíyà fúnra rẹ̀, wá jókòó sí iwájú ilé rẹ̀.

"Fi ẹjọ́ yìí sílẹ̀," ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní. "Ṣebí ọmọ náà ò kú."

"Bàbá, ṣé ìgbà tó bá kú lẹ tó máa wá jókòó báyìí?" Mọ̀rìdíyà bi í. "Ọjọ́ tó wà nílé ìwòsàn, mi ò rí ẹnì kankan nínú yín."

Wọ́n ní ó lágídí. Ó bu omi fún wọn mu, ó sì sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò fi ẹjọ́ náà sílẹ̀.

Àwọn òbí yọ Ajíbóyè nípò. Ẹgbẹ́ náà tún ṣí ní ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lábẹ́ ìṣọ́ Morọ́láyọ̀ àti bàbá àwọn ìbejì. Kò sí àgbàlagbà tó lè dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi tí ojú ò tó. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn a lọ sí ibi tó ti wá, wọn a béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ibẹ̀. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ìwọ̀sí ni, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Morọ́láyọ̀ ní kí wọ́n máa lọ.

Sàídátù ò padà síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fi ipá mú un. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílé ẹjọ́, wọ́n ń sún un síwájú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é, Susan a wọkọ̀ wá láti Ìrẹ̀lẹ̀, òun àti Mọ̀rìdíyà a jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì iwájú, níbi tí adájọ́ ti lè rí wọn.