Ẹ̀jẹ̀ Méjì Tí Kò Tòrò

Ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ yí bí òòyì dákẹ́. Sàrátù, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ṣí ìdérí rẹ̀, ó fa ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yọ. Ẹ̀jẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀, omi rẹ̀ dá lókè, ó tòrò, ó láwọ̀ ìyeyè. Ìkejì rí bẹ́ẹ̀. Ìkẹta náà. Ó fa ìkẹrin yọ, àyà rẹ̀ já.

Òkè ìgò yìí funfun bí omi ògì. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí i lára lówùúrọ̀ ni Sànúsí.

Sànúsí tó ń gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó kọ́ èjìká láti oko dé oko! Sànúsí tí ẹ̀rín rẹ̀ ń mú kí Sàrátù gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀!

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí Dókítà Fádípẹ̀ ti dé láti yunifásítì sí ọsibítù Ìlá ni oorun ti dá lójú Sàrátù. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbẹ̀, torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò lára. Bàbá Sàrátù, tó ní oko kòkó lọ́nà Ọ̀rà, gbọ́ èyí, ó sì kéde lójú gbogbo ẹbí pé, "N ò ní fọmọ mi fún ẹni tí májèlé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ọmọ yẹn wò ná." Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Dókítà, ẹ wá wo nǹkan!"

Dókítà gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Májèlé kọ́ nìyí, Sàrátù. Ojú lásán kì í rí ìyẹn, ó dìgbà tí a bá gbé e dé yunifásítì. Ọ̀rá ni. Mo ní kí wọ́n wá pẹ̀lú ikùn òfìfo, ẹni yìí ti fi nǹkan ọlọ́ràá sẹ́nu. A óò tún un gbà lọ́la."

Sàrátù bá Sànúsí lábẹ́ igi máńgòrò.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"N ò jẹ nǹkan kan, ìfẹ́ mi."

"Sànúsí!"

"Wọ́láhì, n ò jẹ. Mo mu ni."

"O mu kí ni?"

"Epo pupa. Ṣé ìwọ ò mọ̀ pé epo ní ń rọ májèlé ni? Bí ẹ̀jẹ̀ mi ò bá mọ́, ta ni bàbá rẹ máa fún ọ? Ife kan péré la pín..." Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìwọ àti ta ni?"

"Mo ti búra pé n ò ní sọ."

"Ẹlẹ́po!" Sàrátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ìgò méjì ló kù nínú rẹ̀. Ìkarùn-ún tòrò. Ìkẹfà funfun bí omi ògì. Ó ka orúkọ tó wà lára ìgò náà lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá kan náà tó dúró lórí ìlà lówùúrọ̀, tó kẹ̀yìn sí Sànúsí bíi pé kò mọ̀ ọ́n rí!

Ó jáde lọ bá a lórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé májèlé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn?" Ojú Bàbá le koko.

"Wọn ò tíì mọ̀, Bàbá. Wọ́n ní kí ẹ tún padà wá lọ́la."

"Ta ni kó padà wá?"

"Ẹ̀yin àti Sànúsí. Kí ẹ má fẹnu kan epo o."

Bàbá wúkọ́. Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó wo òkè ilé, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó gbọn eruku àyè tó ṣẹ́ kù.

"Ní kó yéé jókòó sábẹ́ igi yẹn," ló wí, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ á mọ̀. Sàrátù padà wọlé. Ó gbé ìgò funfun méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ń wò wọ́n, kò sì lè dà wọ́n nù.