Ẹ̀rín Tó Bọ́ Sínú Orin

Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí Ọ̀gá Gìtá ti ń kọrin, kò sì sí ohun tí orin fún un ju ẹ̀yìn ríro lọ. Lọ́sàn-án Sátidé, ó máa ń kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó ń jẹun, tí wọn kì í gbójú sókè wò ó. Ẹ gbà mí o, ṣé ìyẹn náà niṣẹ́? Ṣùgbọ́n bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin já wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́. "Bàbá, gbogbo ayé ló ń kọ orin yín! Èyí tí ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀, tí Màmá bú sẹ́rìn-ín."

Dípò kí inú bàbá dùn, ojú tì í.

Láyé ìgbà kásẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gba orin sílẹ̀, ọ̀rọ̀ fò lọ mọ́ ọn lórí láàárín orin. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ọ̀rọ̀ náà fún un, ó sì ń bá a lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n tún un gbà dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ kó téèpù méjèèjì sínú páálí funfun kan náà, kò kọ nǹkan kan sí wọn lára. Èyí tó bàjẹ́ ni wọ́n fi ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tó ti dé ọjà ni Ọ̀gá Gìtá gbọ́ ọ. Ó dójú ti ìyàwó rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́: "Ìwọ àti ẹ̀rín ìranù rẹ lẹ bayé mi jẹ́!" Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò kọrin mọ́, ì báà ṣe nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, nọ́ọ̀sì kan lókè òkun rí kásẹ́ẹ̀tì náà nínú ẹrù bàbá rẹ̀ tó kú, ló bá gbé ibi ẹ̀rín yẹn sórí ẹ̀rọ ayélujára. Tọkọtaya káàkiri ayé ń ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é: ọkọ á gbàgbé ọ̀rọ̀, ìyàwó á bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ohùn Ọ̀gá Gìtá ni wọ́n fẹ́, kì í sì í ṣe gìtá rẹ̀. Àṣìṣe yẹn gan-an ni.

Alágbàtà kan tó máa ń ṣètò ìrìn-àjò olórin pè é: wọ́n á kọrin ní orílẹ̀-èdè mọ́kànlá, ní gbọ̀ngàn ńláńlá. Àmọ́ bí obìnrin náà ò bá wá, kò sí ìrìn-àjò.

Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

"Ìyá wọn, jọ̀ọ́. Ẹ̀rín lásán ni wọ́n fẹ́."

Obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ̀rín lásán? Èyí tó bayé yín jẹ́ lọ́jọ́sí?"

Bàbá fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀, ló bá jókòó sílẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Ó ti yẹ kí n sọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn."

Ìyàwó fa aṣọ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́. "Ó ti rẹ̀ mí, bàbá wọn."

"Ó rẹ èmi náà."

"Ó dáa, ẹ kọ ọ́ ká gbọ́."

Ó kọ ọ́. Nígbà tó débẹ̀, ó ṣe bí ẹni gbàgbé. Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n tún un ṣe, kò dà bí ẹ̀rín. Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Kì í ṣe pé mi ò fẹ́," ó ní. "Lọ́jọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Mo kàn fẹ́ràn yín ni."

Fóònù dún. Alágbàtà ni. Ọ̀gá Gìtá gbé e sétí.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀rín yẹn ò sí nílé mi mọ́. Èmi ni mo lé e lọ."

Ó wo ìyàwó rẹ̀, bóyá á sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti aṣọ padà sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń bá ìránṣọ rẹ̀ lọ.