Bébà Tí Kì í Dé Ọ̀dọ̀ Yusuf

Lọ́dún 1988, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́, Waliyat Yusuf wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá gba bébà ìgbàwọlé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá lù ú ní òǹtẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, wọn á ti ọ́fíìsì, wọn á sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti ra máṣíìnì ìránṣọ dè é sílé. Waliyat kò sì fẹ́ fojú rí abẹ́rẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé, akọ̀wé tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí àgbà kan bá wọlé wá béèrè orúkọ ọmọ rẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní kí ẹ̀rọ tẹ gbogbo orúkọ jáde láti A. Ta ló jẹ́ bu ààbọ̀ fún àgbà? Ẹ̀rọ á máa ké, bébà á máa jáde gbọọrọ. Kó tó kọjá S, àgbà mìíràn á ti wọlé. Adéríbigbé á dá ẹ̀rọ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀ láti A.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó kù díẹ̀ kó dé Y," Waliyat bẹ̀bẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n fi Bàbá sílẹ̀ lórí ìdúró nítorí tìẹ ni?"

Nígbà tó fi di ọ̀sán, bébà ti mù wọ́n dé orókùn. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ewúrẹ́ kan sì ń jẹ gbogbo àwọn Adé níta. Bàbá Oyèlékè, tó ti dé láti àárọ̀, ti rì sínú rẹ̀, fìlà nìkan là ń rí. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ti jáde láìmọye ìgbà, àmọ́ ta ni yóò wá a rí nínú òkìtì yẹn?

Inú bí Waliyat. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìdúró. Bí àlejò bá dé, ṣé ìkòkò la máa ń gbé ka iwájú rẹ̀? Ṣebí abọ́ la fi ń bù ú fún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tẹ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á gbà á, á kà á sókè fún gbogbo wa, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ á ya tirẹ̀. Ká má tún padà sí A mọ́."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dára," Bàbá Oyèlékè sọ lábẹ́ bébà. "Àmọ́ àgbà ló máa kọ́kọ́ gbà á kà."

Ìyẹn tún dìjà. Bàbá kan ní òun ti níyàwó kí wọ́n tó la títì Ìlọrin. Ìyá kan ní òun lòun ń gbé omi fún àwọn tó là á. Lẹ́yìn ariwo, wọ́n tò: àgbà níwájú, èwe lẹ́yìn. Waliyat ló kéré jù, ó bọ́ sí ìdí pátápátá. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ojú ewé ń jáde, wọ́n ń kà á, Adéríbigbé ń lu òǹtẹ̀. Ìgbà tó ku Waliyat nìkan ló tó yé e: ẹni ìkẹyìn ló ni ojú ewé ìkẹyìn. Ó rẹ́rìn-ín sókè.

Àmọ́ yíǹkì ti tán. Bébà tó jáde funfun báláú. Ládàánì sì ti ń wúkọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó fẹ́ pe ìrun.

"Kò sí orúkọ kankan níbí, àbúrò," Adéríbigbé wí, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Waliyat fọwọ́ pa bébà náà, ó sì dúró. Àwọn abẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé ti gún un, ojú ibi tí wọ́n gún ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ pa á, sà."

Adéríbigbé dijú. Ìka rẹ̀ ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. "Y," ó wí. "U. S." Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ bébà funfun náà, ládàánì sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó délé, àbúrò bàbá rẹ̀ yẹ bébà náà wò tojútẹ̀yìn, ó ní òun kò rí nǹkan kan ju òǹtẹ̀ lọ. Waliyat ní kó dijú, kó na ìka. Ó fọwọ́ pa á lọ, ó pa á bọ̀.

"Kí ni wọ́n fi kọ èyí?"

"Abẹ́rẹ́ ni, sà."