Àwọn Ońṣẹ́ Inú Èrìgì

Ojú obìnrin aránṣọ kan àti ti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin níbi tí èrò ti ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà dókítà eyín. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú bíi kóró iṣin. Ọkàn aránṣọ fò fẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ti dé ètè rẹ̀ kó tó rántí ẹnu ara rẹ̀, ló bá pa á dé. Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀, ó gbójú kúrò.

'Ó ti gbóòórùn ẹnu mi,' aránṣọ sọ lọ́kàn ara rẹ̀.

Kò yà á lẹ́nu. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń dá jẹun, tó ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọkọ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kí ọkùnrin náà yanu. Èrìgì rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ti sún kúrò lẹ́sẹ̀ eyín. Háà, ìtìjú ló fi bo ẹnu, kì í ṣe ìríra.

Nígbà tó kan aránṣọ, dókítà, ìyá arúgbó aláwàdà kan, yẹ ẹnu rẹ̀ wò pẹ́.

"Ìgbà wo lo fọ ẹ̀yìn ibí yìí kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́, mà. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kàn án, ẹ̀jẹ̀ ni. Mo wá fi í sílẹ̀ kó lè sinmi."

"O fi olè sílẹ̀ nínú ilé kí ilé lè sinmi." Dókítà rẹ́rìn-ín. "Kòkòrò ló kọ́kọ́ dé. Ara ẹ wá rán àwọn ońṣẹ́ tíntìntín tójú ò lè rí, pé kí àwọn sójà ara wá gbèjà èrìgì. Ìyẹn dáa. Àmọ́ kòkòrò ò lọ, ońṣẹ́ ò dákẹ́: ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀. Sójà wá pọ̀ títí wọ́n fi ń wó ilé tí wọ́n wá ṣọ́. Egungun tó di eyín mú ni wọ́n ń wó yẹn."

"Ṣé kò sí ońṣẹ́ tó lè ní kí wọ́n padà ni, mà?"

"Ó wà. Ohùn tiwọn ni ò ròkè." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. "Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Ṣé o ní ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. A kì í bára wa sọ̀rọ̀."

Dókítà kọ lẹ́tà kan pé kí ẹ̀gbọ́n náà wá ṣàyẹ̀wò.

Lójú ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé aránṣọ. Àtìgbà tí ìyá wọn ti kú, bó bá ti sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á fi etí gèlè bo ẹnu, á máa dá a lóhùn láti òdìkejì yàrá. Òun pè é ní ìgbéraga. Òun náà fi ìgbéraga san án, kò sì yà sílé rẹ̀ mọ́. Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì máa parí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ti èrìgì fún un.

Ìlẹ̀kùn ṣí ní ààbọ̀.

"Ta ló kú?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í látinú gèlè.

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó sún mọ́ ọn, ó sún mọ́ ọn gan-an, ó sì ya ẹnu kí obìnrin náà lè rí i. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Tìẹ náà ń ṣẹ̀jẹ̀?"

Aránṣọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi lẹ́tà dókítà lé e lọ́wọ́.